Bí Ìjọba Bá Gé Owó Ẹrù Wa: Ìtàn Ìwé Ẹ̀hónú Kí Ọ̀rọ̀ Tó Dé Kóòtù

 

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í ṣe ti kòkòrò. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni. Èèyàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba pé òun á bá wọn kó ẹrù. Ìrẹsì ni o, àgbàdo ni o, ajílẹ̀ ni o. Ó kó o dé, wọ́n já a, wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Ìgbà tí owó máa jáde, ó dín. Wọ́n ní àpò kan kò pé. Wọ́n ní iye tó kọ sínú bíìlì ju iye tí àwọn fọwọ́ sí. Wọ́n ní ọkọ̀ pẹ́. Wọn ò bi í léèrè kí wọ́n tó gé e, wọ́n kàn gé e ni. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí onítọ̀hún lẹ́nu ni pé, "Màá pè wọ́n lẹ́jọ́!" Lọ́yà tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bi í pé: ìwé wo lo ti kọ sí wọn? Ọjọ́ wo lo kọ ọ́? Ta ló gbà á?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń bínú sí ìbéèrè yẹn. A máa ń rò pé lọ́yà fẹ́ fi àkókò ṣòfò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ní ìtàn gígùn lẹ́yìn, òun la sì fẹ́ sọ, torí pé ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe débẹ̀ kò ní forí gbá a.

Àwa ará ibí mọ owó gígé lórí ẹrù tipẹ́tipẹ́. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ibẹ̀ ni ẹrù Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Kí epo àti èkùrọ́ tó dé etí omi, oníbodè á ti gba tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú lọ́dún 1865, tí Glover fi kó ọmọ ogun wá láti Èkó láti tú wọn ká, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa di ọ̀nà ọjà mú wà nínú ìjà yẹn dáadáa. Ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 náà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti owó bodè wà nídìí ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí oníbodè bá gbà jù lọ́wọ́ ẹ, ta lo máa lọ bá? O lè bẹ oníbodè fúnra ẹ̀. O lè wá ẹni tó mọ ìjòyè, kí ìjòyè bá ọ dé ààfin. Ẹni tó rán oníbodè níṣẹ́ náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ oníbodè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí nígbà tí òyìnbó gba ìlú, ohun tó yí padà kò tó bí a ṣe máa ń rò.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ reluwé láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Kánò lọ́dún 1911. Ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni reluwé yìí títí di ọdún 1955. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kòkó ẹni bá rin nínú wágọ́ọ̀nù, tàbí wọ́n gba owó ẹrù jù lọ́wọ́ ẹni, ìjọba gan-an lèèyàn fẹ́ bá fà á. Òfin àwọn òyìnbó nígbà náà sì sọ pé kóòtù ọba ni kóòtù, wọn ò lè fi kóòtù ọba mú ọba. Bí o bá fẹ́ gba owó àdéhùn lọ́wọ́ ìjọba, ìwé ẹ̀bẹ̀ lo máa kọ́kọ́ kọ. "Petition of Right" ni wọ́n ń pè é. Ìjọba á ka ẹ̀bẹ̀ yẹn, bó bá wù ú, á fọwọ́ sí i pé kí ẹjọ́ lọ. Bí kò bá wù ú ńkọ́? Ó parí nìyẹn. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó ló ń fún ọ láyè láti bi í ní owó rẹ.

Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn, ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe ọ́ léṣe tàbí tó ba nǹkan rẹ jẹ́, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi òfin ọdún 1947 palẹ̀ gbogbo ìyẹn mọ́, wọ́n ní kí ará ìlú máa pe ìjọba lẹ́jọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹlòmíì. Àwa tí wọ́n kó òfin yẹn fún, ọ̀dọ̀ wa ló kù sí. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1958, ó ṣì wà níbẹ̀ rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́.

Ibi tí nǹkan ti yí díẹ̀ ni ọdún 1955. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, iléeṣẹ́ Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èbúté. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, reluwé di kọpọréṣọ̀n. Àwọn méjèèjì ní orúkọ tara wọn, èèyàn sì lè fi orúkọ yẹn pè wọ́n lẹ́jọ́ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin náà gbọ́n. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n wá fi ìloro síwájú ẹ̀. Òfin èbúté sọ pé kí o tó pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́, o gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé, kí oṣù kan gbáko sì kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Ó tún sọ pé ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí oṣù 12 tó pé lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ti reluwé náà ní ìwé tirẹ̀ àti gbèdéke tirẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: ìwé ẹ̀bẹ̀ ti di ìwé ìkìlọ̀. Ní ti àkọ́kọ́, ìjọba lè ní rárá, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ní ti èkejì, wọn ò lè ní rárá, àfi kí wọ́n sanwó, tàbí kí wọ́n dákẹ́ títí ọjọ́ á fi pé tí ìwọ á sì lọ sí kóòtù. Àwa rò pé ìyàtọ̀ yẹn tóbi ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń wò ó lọ. Ẹni tó ń ka ìwé ìkìlọ̀ sí ìyà ò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ rí.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó díẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947, ó di ti ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1954. Àwọn tí bọ́ọ̀dù fún ní láísẹ́ńsì ló ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń kó o lọ sí èbúté. Owó ọkọ̀, owó orí, ohun tí àwọn tó ń yẹ kòkó wò sọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti yọ kí owó tó dé oko. Àgbẹ̀ ò rí ìwé kankan tó máa fi sọ pé "ẹ gé èyí jù." Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bú ní ìparí ọdún 1968, tó di Àgbẹ́kọ̀yà, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀hónú. Ìjà ṣì tún bẹ́ lọ́dún 1969, ẹ̀mí sọnù, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agódi, kí Awólọ́wọ̀ tó lọ bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀. Owó orí ló wà níwájú ìjà yẹn, a mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà oko yẹn á gbọ́ pé ohun tó dùn wọ́n ni pé wọ́n ń gé e, kò sì síbi téèyàn lè lọ bi wọ́n.

Ẹjọ́ tó wá fi ìhòòhò òfin àtijọ́ yẹn han gbogbo ayé kì í ṣe ẹjọ́ ẹrù rárá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Agége Motor Road, wọ́n sọ nǹkan ní iná, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹbí pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 1985. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ló ka ìdájọ́. Wọ́n ní ìgbà tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀, òfin tó wà nílẹ̀ ò jẹ́ kí ìjọba dáhùn fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹbí ò rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n ó tún ṣàlàyé pé láti ìgbà tí òfin ọdún 1979 ti dé, tó fún kóòtù ní agbára lórí ọ̀rọ̀ láàárín ará ìlú àti ìjọba, ààbò ayé àtijọ́ yẹn ti kúrò lórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ tó dunni ni. Ẹbí yẹn fìdí rẹmi, ẹjọ́ wọn ló sì jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ǹjẹ́ bí ilẹ̀kùn ti ṣí, ìloro ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n wá ń jà lé lórí.

Lọ́dún 1974, ẹjọ́ kan ti wà láàárín Nigerian Ports Authority àti kọngílá ilẹ̀ Ítálì kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí owó iṣẹ́ di ìjà. Iléeṣẹ́ èbúté ní kí kóòtù lé e jáde, pé kò pa òfin èbúté mọ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní rárá o, ààbò inú òfin yẹn wà fún iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́, kò wà fún àdéhùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bá ẹnì kan ṣe. Èyí dáa fún ẹni tó ń kó ẹrù, torí àdéhùn ni ẹrù kíkó. Ṣùgbọ́n àwa ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sùn lé e lórí. Òfin iléeṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, adájọ́ kan sì lè rí i yàtọ̀ sí òmíràn. Ìwé kan ṣoṣo kò wọ́n tó ọdún mẹ́wàá nínú kóòtù.

Ọdún mẹ́wàá tí a sọ yẹn, àwa ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bani. Ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 1987, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Amadi pe NNPC lẹ́jọ́. NNPC ò tiẹ̀ tíì dá a lóhùn lórí ohun tó bá wá. Wọ́n kàn ní ìwé tí lọ́yà rẹ̀ kọ kó tó wá sí kóòtù kò pé bí òfin NNPC ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí nìkan ni wọ́n gbé lọ láti kóòtù kan dé èkejì, títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 2000. Àwọn adájọ́ sọ nǹkan méjì tó yẹ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, pé òfin tó ní kí èèyàn kọ ìwé ṣáájú ẹjọ́ kò lòdì sí ẹ̀tọ́ ará ìlú, torí kò ti ilẹ̀kùn, ó kàn ní kí o kanlẹ̀kùn kí o tó wọlé, kí ẹni inú ilé lè ráyè rò ó bóyá kí òun sanwó ká má jà mọ́. Èkejì, pé ìwé Amadi tó. Ó jàre. Ẹ̀bùn wo wá ni wọ́n fún un? Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí kóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lọ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 13 ti lọ. Uwais, tó jẹ́ adájọ́ àgbà nígbà náà, fúnra rẹ̀ kédàárò lórí rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ wo ló lè dúró de owó dísù fún ọdún 13?

Bóyá ẹnì kan nínú yín ń sọ pé Nàìjíríà ló ń ṣe báyìí. Rárá o. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ gígé owó ẹrù ìjọba di òfin gidi ni Amẹ́ríkà, ìtàn tiwọn sì dùn ún gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ń la reluwé wọn ní bí ọdún 1850 sókè, ìjọba fún àwọn iléeṣẹ́ reluwé kan ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ kan lé e: ẹ máa bá ìjọba kó ẹrù ní ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún 1946 ni ó tó parí. Ẹ fojú inú wo ìṣirò rẹ̀. Ẹrù kan á gba orí irin tó ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́, á bọ́ sórí irin tí kò ní, á tún padà. Èló ni bíìlì? Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kí owó tó jáde, wọ́n á yẹ bíìlì wò títí, owó á sì pẹ́. Lọ́dún 1940, wọ́n ṣe òfin tuntun: ìjọba á sanwó bí bíìlì bá ti dé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n san jù, wọ́n á gé e lára bíìlì mìíràn tí ọlọ́kọ̀ náà bá mú wá.

Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? San lónìí, gé lọ́la.

Ogun àgbáyé kejì dé, ẹrù ìjọba pọ̀ bí omi òkun. Àwọn sójà kó ìkòkò bọ́ǹbù irin tí wọ́n rọ epo dídì tó ń jóná kún inú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi ohun tó ń tanná sí i. Reluwé ní bọ́ǹbù ni, owó bọ́ǹbù ló wọ́n jù, ẹ san án. Ìjọba ní bọ́ǹbù kọ́, epo inú agolo irin ni, owó epo la máa san. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn lọ́dún 1956. Àwọn adájọ́ ní kí àwọn tó dá sí i, kí àjọ tó ń bójú tó owó reluwé kọ́kọ́ sọ irú ẹrù tó jẹ́, torí àwọn ló mọ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n rán wọn padà sí ọ̀dọ̀ àjọ. Lọ́dún 1957, ẹjọ́ mìíràn tún dé, ti reluwé New York, New Haven àti Hartford. Ìjọba ti gé owó lára bíìlì wọn. Wọ́n ní ẹni tó gé owó ló yẹ kó wá fi ẹ̀rí hàn pé òun ò jẹ̀bi. Kóòtù ní rárá: ọlọ́kọ̀ ló ń bèèrè owó, ọlọ́kọ̀ ló máa fi ẹ̀rí hàn pé iye tó kọ tọ́. Ìjọba gé e lára rẹ, ìwọ lo tún máa wá ṣàlàyé. Àwa ò fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ Amẹ́ríkà láti má ju ìwé kankan nù.

Láti ọdún 1975, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní GSA ló ń yẹ bíìlì yẹn wò. Bí wọ́n bá gé owó rẹ, ọ̀dọ̀ wọn náà lo máa kọ́kọ́ kọ ìwé sí, wọ́n sì fún ọ ní ọdún mẹ́ta. Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ kan ní Washington tó ń gbọ́ ẹjọ́ kọ́ńtíráàtì, èyí tó wà láti oṣù kìíní ọdún 2007. Ẹni tó bá fo GSA, tó lọ bá ìgbìmọ̀ yẹn tààrà, wọ́n á ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Wọn ò ní wo bóyá ó jàre.

Ó dáa, ká padà sílé. Àwọn òfin wa méjì kan wà tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Lọ́dún 1975, ìjọba ológun dá Public Complaints Commission sílẹ̀, níbi tí ará ìlú ti lè fi ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sùn láì san kọ́bọ̀. Yusuf Maitama Sule ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní kọmíṣọ́nà kò ní wádìí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó mú un wá kò bá tíì kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tó wà ní iléeṣẹ́ yẹn àti ní òfin tán, kò sì ní gba ẹ̀sùn tó bá ti ju oṣù 12 lọ. Èkejì ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí kọ́ńtíráàtì, ti ọdún 2007. Ẹni tó du iṣẹ́ tí wọ́n sì rẹ́ jẹ, ọ̀gá iléeṣẹ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tó ti mọ̀. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló ní láti dé Bureau of Public Procurement ní Àbújá. Kóòtù gíga àpapọ̀ ló kẹ́yìn. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìdíje iṣẹ́ ni èyí wà fún jù, kì í ṣe owó tí wọ́n gé lẹ́yìn iṣẹ́. Àmọ́ inú òfin kan náà la ti rí i pé owó tó bá ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tí bíìlì wọlé ti di owó tó pẹ́, ó sì yẹ kó ní èlé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ṣe sọ. Ẹ wo kọ́ńtíráàtì yín bóyá wọ́n kọ iye èlé sí i. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin kọ́ńtíráàtì tirẹ̀, ẹni tó ń bá ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni kó wò.

Ìdí tí a fi ń sọ gbogbo èyí nísinsìnyí ni pé iṣẹ́ ẹrù ìjọba ń pọ̀ sí i lágbègbè wa. Iléeṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà tí wọ́n ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023, tọ́ọ̀nù 32 ni wọ́n ní ó lè lọ̀ ní wákàtí kan. Ibùdó oúnjẹ ńlá wà tí ìpínlẹ̀ ń kọ́ sí Kétu-Ẹrẹ́yùn ní Ẹ̀pẹ́. Ibi tí ẹrù bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọlọ́kọ̀ kékeré á wọ inú iṣẹ́ tí kò tíì ṣe rí.

Ká ní ọlọ́kọ̀ kan láti Ọ̀dọ̀gúnyàn kó àpò 600 fún iléeṣẹ́ ìjọba kan, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦600,000. Akọ̀wé tó gbà á kọ 588 sínú ìwé. Dẹrẹ́bà ń kánjú, ó bu ọwọ́ lù ú. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ₦510,000 ló wọlé. Nínú ₦90,000 tó dín yẹn, ó ṣeé ṣe kí apá kan jẹ́ owó orí tí ìjọba ń yọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní withholding. Ìyẹn kì í ṣe owó tó sọnù. Ó ní ìwé tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, tó sì lè fi dín owó orí tó máa san. Nítorí náà ìwé àkọ́kọ́ tó máa kọ kì í ṣe ti ìjà. Kó ní kí wọ́n fi àlàyé hàn òun: èló ni ti owó orí, èló ni ti àpò 12, èló ni ti kí ni? Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti kú síbi àlàyé yẹn.

Bí àlàyé bá dé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà náà ni ìwé ẹ̀hónú. Òfin èbúté tí a mẹ́nu bà lókè ti sọ ohun tó yẹ kó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì bá iléeṣẹ́ èyíkéyìí mu: ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi ń bèèrè, àlàyé owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti ibi tó ń gbé, àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Kó so kọ́pì wébíìlì mọ́ ọn, ti ibi tó ti gbé ẹrù àti ti ibi tó já a sí, àti ìwé ìwọ̀n bí ó bá wà. Kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ tàbí kó rán ẹni tó mọ̀wé, kí wọ́n lu sítáǹpù pẹ̀lú déètì sí kọ́pì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù pẹ̀lú akọ̀wé tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe ìwé. Fóònù akọ̀wé lè kú, a lè gbé akọ̀wé lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Dẹrẹ́bà wa náà: bí wọ́n bá kọ 588 tí ìwọ kà 600, má kọ̀ láti bu ọwọ́ lù ú, torí wọ́n lè ní kí o gbé ẹrù rẹ padà. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ pé "600 ni mo kó wá, mi ò fara mọ́ 588," kí o tó bu ọwọ́ lù ú. Ya fọ́tò rẹ̀. Bákan náà, bí wọ́n bá ní kí ọlọ́kọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé owó tó gbà yìí ni gbogbo owó tí wọ́n jẹ ẹ́, kó kà á dáadáa. Gba owó tó wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kan ni.

Ẹnì kan á bi wá pé, ìgbà wo ni òun máa dúró dà? Ó wà lọ́wọ́ òfin tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Òfin Èkó fún èèyàn ní ọdún mẹ́fà lórí àdéhùn lásán, ṣùgbọ́n òfin iléeṣẹ́ kan lè sọ oṣù 12, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń sọ oṣù mẹ́ta lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan. Torí náà èyí tó kúrú jù ni kí ẹ máa kà. Ọjọ́ tí owó wọlé tó dín, ọjọ́ yẹn ni kàlẹ́ńdà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá ìwé yín lóhùn. Ẹ lè máa dúró de ìdáhùn títí oṣù 12 á fi gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Bí lọ́yà bá wà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé fún un ni kó wá ìwé òfin iléeṣẹ́ náà jáde, kó sọ fún yín ọjọ́ mélòó ni ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ lò lọ́wọ́ wọn, àti ọjọ́ wo ni ilẹ̀kùn kóòtù á tì.

Bí wọn ò bá wá dáhùn rárá ńkọ́? Kò burú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn náà ní iye ọjọ́ tí òfin fún un. Ọjọ́ yẹn bá ti pé, tí kọ́pì tó ní sítáǹpù wà lọ́wọ́ yín, lọ́yà lè wọlé lọ bá adájọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé kó padà lọ kọ̀wé.